Ìbọ̀sẹ̀ Funfun

Gbogbo àdúgbò wa ní Ìkẹ́rẹ́ ló ń yin àǹtí mi nítorí ìbọ̀sẹ̀ tí mo ń wọ̀. Funfun ni, ó ń dé mi lórúnkún, oòrùn ì báà mú kí ó fẹ́ pani. Àwọn ọmọ yòókù ń fi ẹsẹ̀ lásán lọ pọnmi, èmi wọ bàtà àti ìbọ̀sẹ̀ bí ọmọ òyìnbó. Àwọn obìnrin a ní, "Ẹ wo bó ṣe ń tọ́jú ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ìyá tó bí i gan-an ò lè ṣe jù báyìí lọ." Àǹtí mi a rẹ́rìn-ín músẹ́, a dì mí lọ́wọ́ mú. Bó bá ti dì mí lọ́wọ́ mú báyẹn, àyà mi a já.

Àbúrò bàbá mi ni. Bàbá mi kú nígbà tí mo wà ní kékeré, ìyá mi sì ń fi oko ẹ̀gẹ́ àti kòkó díẹ̀ tó kù tọ́ àwa ọmọ ní Ìsẹ̀. Nígbà tí wọ́n ya Èkìtì kúrò lára Oǹdó, tí gbogbo ènìyàn ń sọ pé nǹkan máa dẹrùn nílé, àǹtí mi àti ọkọ rẹ̀ kó padà láti Èkó. Ọkọ rí iṣẹ́ ìjọba sí Adó, aya gba ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ ní Ìkẹ́rẹ́. Ó wá mú mi lọ́dọ̀ ìyá mi pé òun á rán mi lọ sílé ìwé. Ìyá mi kúnlẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ohun tí àǹtí mi ń wá ni ọmọ. Oyún á dúró, á tó oṣù mẹ́ta, mẹ́rin, á wálẹ̀. Èkó ló ti bẹ̀rẹ̀ o, nígbà tí n ò tíì mọ ọ̀nà ilé rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ tí mo dé ni mo ké lójú oorun, pé mo rí bàbá mi. Ilẹ̀ mọ́, oyún wálẹ̀. Obìnrin kan tó bá a lọ sí ọsibítù ní, "Àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí, ta ni kò mọ̀ pé àjẹ́ àná ló pa ọmọ jẹ?" Ó sọ ọ́ tán, ó lọ sílé rẹ̀, ó lọ jẹun. Ẹnu yẹn, Ọlọ́run á bi í.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti di àjẹ́. Ebi, pàṣán, ata lójú, n ò ní ka gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Ojú mi rí tó. Nígbà tí oyún kejì bọ́ lẹ́yìn tí mo dé, àǹtí mi kó èédú sínú áyọ́ọ̀nù tó fi ń lọ aṣọ oníbàárà, ó fẹ́ ẹ títí ó fi pọ́n. Ó ní ẹsẹ̀ ni mo fi ń lọ ìpàdé àjẹ́, òun á wo ohun tí n ó tún fi lọ. Kò pariwo. Ohùn tó fi ń bá oníbàárà sọ̀rọ̀ náà ló fi bá mi sọ̀rọ̀.

Lẹ́yìn èyí ni ìbọ̀sẹ̀ dé. Ìyá mi ru iṣu wá kí wa, ó rí mi nínú ìbọ̀sẹ̀, inú rẹ̀ dùn débi pé omi bọ́ lójú rẹ̀. Mo fẹ́ sọ fún un. Àmọ́ kí ni mo fẹ́ sọ? Mo ti gbà pé òótọ́ ni. Mo gbà pé bí mo bá sùn, nǹkan kan ń jáde lára mi lọ jẹ ọmọ inú àǹtí mi. Bí mo bá sọ ọ́, ìyá mi á mọ irú ọmọ tí òun bí. Mo bá a gbé iṣu wọlé.

Nígbà tí oyún kẹta bọ́, wọ́n sọ fún àǹtí mi pé ìyá àgbà kan ń ríran ní ìjọ aláṣọ funfun kan ní ọ̀nà Olósùnta. Bí ìyá náà bá pe ọmọ kan ní àjẹ́, ọ̀rọ̀ ti parí nìyẹn. Òwúrọ̀ ọjọ́rú kan, àǹtí mi fúnra rẹ̀ wọ ìbọ̀sẹ̀ fún mi, a mú ọ̀nà pọ̀n. Àpáta Olósùnta ń wò wá láti òkè, mo sì ń bẹ̀ ẹ́ nínú mi pé kó yí lù mí ká má tilẹ̀ débẹ̀.

Àṣé àǹtí mi gbàgbé ohun tí ọmọdé pàápàá mọ̀. Ṣọ́ọ̀ṣì oníbẹ́ǹṣì là ń lọ, bàtà là ń wọ̀ wọ ibẹ̀. Àwọn aláṣọ funfun kì í wọ bàtà wọlé àdúrà, èèwọ̀ ni. Obìnrin tó dúró lẹ́nu ọ̀nà tọ́ka sí ẹsẹ̀ mi.

"Bọ́ ọ, ọmọ mi. Àti ìbọ̀sẹ̀ náà."

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, òtútù ń mú un," ni àǹtí mi wí.

Obìnrin náà wo oòrùn, ó wo àǹtí mi. "Ilẹ̀ mímọ́ ni, mà."

Mo bẹ̀rẹ̀, mo bọ́ ọ. Àpá wà lórí ẹsẹ̀ mi méjèèjì, ó rí ṣóńṣó níwájú, ó fẹ̀ lẹ́yìn.

Ìyá Ìjọ, ìyá àgbà tó ń ríran náà, jókòó lórí ẹní nínú sùtánà rẹ̀. Mo kúnlẹ̀ síwájú rẹ̀, àǹtí mi ro ẹjọ́ mi láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ohun kan ṣoṣo ni mò ń dúró dè, kí Ìyá Ìjọ sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, kó tán. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ mi ló ń wò.

"Kí ló ṣe é lẹ́sẹ̀?"

"Omi gbígbóná ló dà sí i, mà."

Ìyá Ìjọ fi ìka tọ àpá náà yí po, díẹ̀díẹ̀. "Uná ni," ló wí, ní ohùn Ìkẹ́rẹ́ pọ́ńbélé. "Áyọ́ọ̀nù." Ó gbójú sókè. "O ní kí n wá àjẹ́ fún ọ. Ṣé kí n wá a?"

Àǹtí mi dìde.

"Ọmọ yìí ò padà sí ulé rẹ mọ́."

Àǹtí mi wọ bàtà rẹ̀, ó lọ.

Ẹ má rò pé ọkàn mi balẹ̀ lọ́jọ́ náà. N ò gba Ìyá Ìjọ gbọ́. Mo rò pé ogbó ti dé sí i, kò ríran dáadáa mọ́. Àwọn ará ìjọ ránṣẹ́ sí ìyá mi ní Ìsẹ̀, ó dé, ó rí ẹsẹ̀ mi, ó gbé ara rẹ̀ lulẹ̀. Síbẹ̀, n ò jẹ́ sùn tì í, kí n má baà pa á. Wọ́n ní kó fi mí sílẹ̀ nínú ọgbà ìjọ títí ara mi á fi yá. Àràárọ̀ ni Ìyá Ìjọ ń fi òróró pa àpá náà. Kò lé ẹ̀mí kankan jáde lára mi. Ohun tó ń sọ ò ju, "Jésù, ìwọ náà ní àpá. Wo ti ọmọ yìí." Lákọ̀ọ́kọ́ ó ń bí mi nínú. Nígbà tó yá, bí kò bá tíì dé, mo ti máa ń na ẹsẹ̀ sílẹ̀ dè é.

Lọ́jọ́ kan, obìnrin kan gbé ọmọ tuntun wá dúpẹ́. Ìyá Ìjọ gbà á, ó ní kí n na ọwọ́. Mo kígbe, "Ẹ má gbé e fún mi, n ó jẹ ẹ́!" Ẹ̀rù ba ìyá ọmọ náà, mo rí i lójú rẹ̀, ṣùgbọ́n kò gba ọmọ rẹ̀ padà. Ìyá Ìjọ gbé e lé mi láyà pé kí n gbé e títí orin á fi parí. Orin náà ò fẹ́ parí. Ọmọ náà tọ̀ sí mi lára, ó sùn. Gbogbo ọ̀sẹ̀ náà ni mo ń lọ wò ó nílé wọn. Kò kú. Ẹkún tí mo sun lẹ́yìn ìyẹn, n ò tíì sun irú rẹ̀ mọ́.

Mo ti wà ní sẹ́kọ́ńdìrì, Ìyá Ìjọ sì ti lọ sinmi, nígbà tí wọ́n fi èmi náà sẹ́nu ọ̀nà láti máa gba bàtà. Obìnrin kan dé lọ́jọ́ Ìsinmi kan, ó ti rù, ikùn rẹ̀ yọ síwájú. Àǹtí mi ni. Kò ní "Má bínú." Kò tilẹ̀ ní "Ṣé dáadáa ni." Bó ti rí mi báyìí, ó sún sẹ́yìn, ó fi ọwọ́ méjèèjì bo ikùn rẹ̀.

Mo dúró de ẹ̀rù àtijọ́, èyí tó máa ń sọ fún mi pé àǹtí mi ló jàre. Kò wá. Ìbínú ló wá, ìbínú gidi: obìnrin yìí ṣì ń purọ́ mọ́ mi! Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé Jésù ti wò mí sàn, torí mo mọ̀ pé irọ́ ni.

Tìbínú-tìbínú ni mo gbàdúrà nínú mi fún ọmọ tó wà lábẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Olúwa, wò ó. Kó yè. Ti ìdáríjì, ẹ má tíì bi mí. Mo ṣì wà lọ́nà. Mo na ọwọ́ sí i.

"Ẹ káàbọ̀, mà," ni mo wí. "Ẹ bọ́ bàtà yín."