Ibi Tí Ìlà Pin Sí

Aṣọ ilé ìwé ọmọ mi ni mò ń lọ̀ lọ́wọ́ ní àárọ̀ ọjọ́ náà nígbà tí ọ̀gá ilé ìtẹ̀wé pè mí lórí fóònù. Ó ní ìwé mi ti parí, ṣùgbọ́n kí n má wulẹ̀ wá kó o ní Òrégún. Òun ti kó gbogbo páálí rẹ̀ lọ sí ilé ìwé ọmọ mi, níbi tí wọ́n ti fẹ́ fi í han àwọn òbí lọ́sàn-án.

"Ìwé yìí kún dáadáa, màdáàmù," ni ó wí. "Àwọn òbí á fẹ́ràn rẹ̀."

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. N kò bi í léèrè ohun tó fi ní ó kún. Mo padà sídìí áyọ́ọ̀nù.

Ìwé kẹta tí mo kọ nìyẹn. Ìtàn gígùn ni mo ń kọ fún àwọn ọmọ tó ti ń bàlágà, ṣùgbọ́n ewì ni mo fi ń sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Iṣẹ́ tí mo fi ń jẹun yàtọ̀: ilé iṣẹ́ bísíkíìtì kan ní Òrégún ni mo wà, níbi tí bẹ́lítì ti ń gbé bísíkíìtì wá tí àwa obìnrin ń tò ó sínú ọ̀rá. Ilé ìwé girama ni mo kà mọ. Ẹnikẹ́ni kò kọ́ mi ní ewì. Ọmọ mi ni mo torí ẹ̀ bẹ̀rẹ̀.

Akólòlò ni, láti kékeré. Nígbà tó wọ ilé ìwé girama ní Ìfàkò, tíṣà Yorùbá wọn máa ń ní kí wọ́n dìde kàwé lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí ó bá ti kan ọmọ mi, gbogbo kíláàsì á dákẹ́ kí wọ́n lè gbádùn rẹ̀. Wọ́n á máa fi ọwọ́ lu tábìlì tẹ̀lé e: kó, kó, kó. Tíṣà náà á rẹ́rìn-ín, á ní, "Jókòó jàre, jẹnẹrétọ̀ ti kú."

Mo ní kó ka ọ̀kan nínú àwọn ìwé wọn fún mi nílé. Mo rí i pé ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ yọ ọ́ lẹ́nu. Àárín gbólóhùn gígùn ló ti máa ń há, níbi tí èémí rẹ̀ bá ti ń tán tí kò sì rí ibi tí yóò dúró sí. Mo bá gé gbólóhùn náà sí wẹ́wẹ́, mo kọ ọ́ sórí bébà, ìlà kọ̀ọ̀kan ní ìwọ̀n èémí rẹ̀. Ó kà á tán láì kọsẹ̀. Ó yí bébà náà padà, ó wo ẹ̀yìn rẹ̀, bí ẹni pé mo fi nǹkan pamọ́ síbẹ̀.

Láti ìgbà náà, ìdí bẹ́lítì ni mo ti ń ronú ìlà. Màá kọ ọ́ sẹ́yìn páálí bísíkíìtì nígbà ìsinmi, ọmọ mi á sì kà á fún mi nírọ̀lẹ́. Ibi tí ó bá ti kọsẹ̀, ibẹ̀ ni mo ń gé ìlà sí. N kì í fi àmì kankan sí òpin ìlà. Òpin ìlà náà ni àmì. Báyìí ni ìwé kẹta ṣe bẹ̀rẹ̀, ọmọbìnrin kan ló ń sọ ọ́, tí ìyá rẹ̀ ń ta búrẹ́dì ní Agége:

Ìyá mi jí
kò pè mí
ó gbé igbá búrẹ́dì
ó jáde
mò ń gbọ́ bàtà rẹ̀
lórí òkúta ojú irin

Ìwé méjì àkọ́kọ́ rìn díẹ̀. Àwọn ọmọbìnrin ń yá ara wọn kà, àwọn míì há a sórí. Àwọn òbí ni kò fẹ́ràn rẹ̀. Wọ́n á ṣí i, wọ́n á rí ààyè funfun. Bàbá kan dá mi dúró lẹ́nu géètì ilé ìwé, ó ní, "Ìyá oníwèé, ṣé yíǹkì ló tán lọ́wọ́ yín ni?"

Ìyá tó ni ilé ìwé náà ló pinnu pé kí wọ́n fi ìwé kẹta kọ́ àwọn ọmọ, ó sì ní ọmọ mi gan-an ni yóò ka ojú ìwé àkọ́kọ́ níwájú àwọn òbí. Inú ìwé ni yóò ti kà á, kí wọ́n lè rí i lọ́wọ́ rẹ̀. Ọmọ mi kò tíì kàwé níwájú ẹnikẹ́ni yàtọ̀ sí mi láì jẹ́ pé wọ́n fi í rẹ́rìn-ín. Ó rò ó fún ọjọ́ mélòó kan kó tó gbà.

"Ṣé bí a ṣe kọ ọ́ ló máa wà?" ló bi mí.

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

Nígbà tí mo dé gbọ̀ngàn ilé ìwé lọ́sàn-án ọjọ́ náà, àwọn òbí ti jókòó, wọ́n sì ti já àwọn páálí. Mo mú ẹ̀dà kan, mo ṣí i. Ojú ìwé dúdú láti òkè dé ìsàlẹ̀. Wọ́n ti so gbogbo ìlà mi pọ̀, láìsí ibi ìdúró kankan. Ọ̀gá ilé ìtẹ̀wé dúró tì mí, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Ẹ rí i? Obìnrin tó ń bá mi tẹ̀ ẹ́ ló ń to ọ̀rọ̀ lọ sísàlẹ̀ bí ẹni ń sá aṣọ. Mo ní kó so ó pọ̀ jàre, kí àwọn òbí má baà tún ní ó ṣófo bíi ti ìṣáájú. Ẹ ò tiẹ̀ kí mi."

"Ọ̀gá, ewì ni."

"Ewì náà ṣì ni. Ṣé mo yọ ọ̀rọ̀ kankan níbẹ̀?"

Òótọ́ ló sọ. Kò yọ ọ̀kankan.

Mo sáré lọ bá ìyá onílé-ìwé, mo bẹ̀ ẹ́ pé kí ẹlòmíì kà á. "Ẹ̀rù ń bà yín ju ọmọ lọ," ló wí. "Ẹ lọ jókòó, mà. Ṣé ẹ ò fẹ́ kó gbọ́njú ni?" Ó sì ti ń pè é sókè bó ṣe ń bá mi sọ̀rọ̀.

Ọmọ mi gòkè pẹ̀lú aṣọ tí mo lọ̀ fún un. Ó ṣí ìwé. Ó ṣí ojú ìwé kejì, ó tún padà sí ti àkọ́kọ́, ó ń wá ìlà. Ó wò mí. Mo juwọ́ sí i pé kó sọ̀ kalẹ̀. Ó ní láti jẹ́ pé ó rò pé mo ní kó máa kà á ni.

"Ìyá mi jí kò pè mí ó gbé, ó gbé, ó gb, ó gb..."

Láti ẹ̀yìn, àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í lu àga: kó, kó, kó. Ọkùnrin kan pariwo láàárín àwọn òbí, "Ẹ bá a tì í, ó fẹ́ sítáàtì!" Gbogbo gbọ̀ngàn rẹ́rìn-ín. Obìnrin tó jókòó nítòsí mi, tí kò mọ̀ mí, bi mí pé, "Ṣé kò sọ́mọ tó lẹ́nu ní ilé ìwé yìí ni?"

Kò sunkún. Ó dúró síbẹ̀ tí ẹnu rẹ̀ ń gbọ̀n títí ìyá onílé-ìwé fi gba ìwé náà lọ́wọ́ rẹ̀, tó ka ìyókù fúnra rẹ̀, wàrà-wàrà, bí ẹni ń ka ìròyìn. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un. Wọ́n ra ìwé náà títí kò fi sí ọ̀kankan tó ṣẹ́ kù nínú páálí. Mo buwọ́ lùwé fún àwọn tó ní kí n buwọ́ lù ú. Ọkùnrin tó pariwo náà wà lára wọn.

"Mo sọ fún yín," ni ọ̀gá ilé ìtẹ̀wé wí nígbà tó ń lọ. "Bẹ́ ẹ bá ń kó ẹ̀kẹrin bọ̀, ẹ ti so ó pọ̀ wá láti ilé."

Ẹsẹ̀ la fi rìn délé. Ọmọ mi kò fẹ́ wọ kẹ̀kẹ́ pẹ̀lú ẹnikẹ́ni. Nínú yàrá, ó bọ́ aṣọ ilé ìwé rẹ̀, ó ká a síbi tí mo ti lọ̀ ọ́ sí. Páálí bísíkíìtì kan wà lórí tábìlì, tí mo ti kọ ìlà díẹ̀ sí nínú ìwé kẹrin. Ó mú un, ó fi ojú kà á, ètè rẹ̀ kò mì. Ó dojú páálí náà délẹ̀.

Mo ní n óò ní kí wọ́n tún ìwé náà tẹ̀.

Ó mi orí. Ó fẹ́ sọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ náà sì há. Mo dúró dè é; n kì í bá a parí ọ̀rọ̀ rẹ̀.

"Mọ́... Mọ́mì, ẹ má... ẹ má fi ẹnu mi kọ̀wé mọ́."