Àdín Inú Ìkarahun Ìgbín

Etí ọ̀tún nìkan ni ìyàwó mi fi ń gbọ́ràn. Ibà kan ti pa ti òsì nígbà tí ó wà ní kékeré. Síbẹ̀ tíṣà ni, òun ló sì kọ́ mi ní ìwé kíkọ nígbà tí mo ti lé ní ọgbọ̀n ọdún.

Ọdún tí epo bẹntiróòlù wọ́n bí ojú ni. Oǹdó là ń gbé. Láàárọ̀ ọjọ́ kan mo kí i, ó kàn ń wo ẹnu mi.

"Bàbá wọn, ẹ sọ̀rọ̀ sókè. Etí mi ti dí."

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tí a jọ ń gbé inú ilé wá wò ó. "Ìdọ̀tí ló dí i," ló wí. "Àdín ni oògùn rẹ̀. Àbí ọsibítù lo fẹ́ gbé e lọ, kí wọ́n máa fi irin tú etí ìyàwó wa?"

Mi ò jiyàn. Bí ìyá wa ṣe ń ṣe é fún wa nìyẹn. Èmi fúnra mi ni mo mú àdín lọ́ wọ́ọ́rọ́ lórí sítóòfù nínú ìkarahun ìgbín, tí mo fún omi ewé ọ̀dúndún sí i, tí mo ń kán an sí i létí lẹ́ẹ̀mẹta lójúmọ́. Á gbé orí lé mi lẹ́sẹ̀.

"Ẹ má dín mi o," á ní. "Èmi kì í ṣe àkàrà."

Lọ́jọ́ karùn-ún, etí náà bẹ̀rẹ̀ sí í yún un, ó sì ń ṣe omi. Mo ní ìdọ̀tí ló ń jáde. Lọ́jọ́ kẹwàá, agogo ṣọ́ọ̀ṣì tó wà lẹ́yìnkùlé wa dún, kò gbọ́ ọ. Ìgbà yẹn la tó wọkọ̀ lọ sí ọsibítù ní Àkúrẹ́.

Dókítà ibẹ̀, ọmọbìnrin kan, tan iná sí etí rẹ̀. Ó pẹ́ kó tó gbójú sókè.

"Bàbá, kí lẹ rọ sí i?"

"Àdín ni, àti ọ̀dúndún."

Nọ́ọ̀sì tó dúró tì wá bú sẹ́rìn-ín. "Ó ku iyọ̀! Ẹ̀yin ará Oǹdó, ẹ ti fi etí ìyàwó yín se ọbẹ̀."

Dókítà kò rẹ́rìn-ín. Ó ní kì í ṣe ìdọ̀tí. Inú lọ́hùn-ún etí, níbi tí a ti ń gbọ́ràn gan-an, ló ń kú lọ. Oògùn tí èèyàn bá gbé mì, díẹ̀ ló ń dé ibẹ̀. Abẹ́rẹ́ tín-ín-rín ni wọ́n ń ki gba inú awọ ìlù etí kọjá, tí wọ́n á da oògùn sẹ́yìn rẹ̀, kí ó lè rin wọlé díẹ̀díẹ̀. Ṣùgbọ́n àdín ti jẹ́ kí ojú ọ̀nà etí náà kẹ̀. Bí ó bá ki abẹ́rẹ́ gba inú ọyún, ọyún ni yóò tì wọlé.

"Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo ojú ọ̀nà sàn," ó ní. "Ká ní ọjọ́ kejì lẹ ti gbé wọn wá ni."

Ó tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí ojú ọ̀nà tó gbẹ. Ó fún un lábẹ́rẹ́ náà lẹ́ẹ̀mẹta. Ìyàwó mi á fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, kò ní mira. Kò sí ìyàtọ̀.

Lọ́jọ́ ìkẹyìn, dókítà mú mi lọ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ó ní òun kò lè búra pé ì bá sàn, ṣùgbọ́n àdín yẹn ló gba ọjọ́ tí oògùn ì bá fi ṣiṣẹ́ mọ́ òun lọ́wọ́.

Ìyàwó mi na ìwé àkọsílẹ̀ kan àti bírò sí mi. "Kí ni wọ́n wí?"

Mo kọ ọ́: Wọ́n ní ó ti pẹ́ jù.

Ó kà á, ó gba bírò lọ́wọ́ mi, ó fi àmì ohùn tí mo gbàgbé síbẹ̀. Ó wá ní, "Ẹ ṣeun tí ẹ tọ́jú mi. Àdín yẹn máa ń tù mí lára."

Ó lo ọdún mẹ́rin sí i láyé láìgbọ́ nǹkan kan. Gbogbo àlejò ló ń sọ ọ́ fún, bí ọkọ òun ṣe ń fọwọ́ ara rẹ̀ mú àdín lọ́ wọ́ọ́rọ́ fún òun. Mo máa ń jókòó níbẹ̀. Mi ò kọ ìyókù ohun tí dókítà wí fún un rí.

Ìwé náà ṣì wà lọ́wọ́ mi. Ìlà kan ṣoṣo ló wà lójú ewé yẹn.