Ìkòkò Mẹ́rin Tí Yẹ́misí Kì Í Fọ̀

Bí ẹ bá ń wá ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ ṣòro láti ṣàlàyé fún ìyá ẹni, ẹ wá sí Turffontein, àdúgbò wa níhìn-ín ní gúúsù Áfíríkà, kí ẹ béèrè Dókítà Olúyẹ́misí. Ilé kan náà la jọ háyà, òun lókè, èmi nísàlẹ̀. Awalẹ̀pìtàn ni. Àwọn ni wọ́n ń walẹ̀ kiri, tí wọ́n ń ṣa àfọ́kù ìkòkò, kí wọ́n lè mọ bí àwọn ará àtijọ́ ṣe gbé ayé wọn. Iṣẹ́ tó ń ṣe ní yunifásítì ni wọ́n ń pè ní postdoc. Ìyẹn ni pé o ti gboyè dókítà tán, ò ń ṣe ìwádìí, ò ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́, ṣùgbọ́n bí ọdún bá ti ń parí lọ, ọkàn rẹ kì í balẹ̀, nítorí wọ́n lè ní kí o máa lọ. Èmi Adébùkọ́lá, oníṣirò owó ni mí, mo sì ti sọ fún un tipẹ́ pé iṣẹ́ yìí ò mọ́gbọ́n wá. Kò gbọ́.

Ní Iléṣà, "Dókítà ni ọmọ mi" ni ìyá rẹ̀ máa ń sọ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn ìyá ìjọ ṣe ń fóònù Yẹ́misí láti béèrè oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru. Nígbà tó ṣàlàyé fún Màmá pé postdoc lòun, ohun tí wọ́n bi í ni pé, "Ṣé o ò tíì parí ìwé náà ni?"

Lọ́dún yìí, ìwádìí rẹ̀ wọ ilé ìdáná. Ó ra ìkòkò amọ̀ mẹ́rin. Ẹja nìkan ló ń sè nínú ọ̀kan, ẹ̀wà nínú èkejì, ọkà bàbà nínú ẹ̀kẹta, wàrà nínú ẹ̀kẹrin. Ó fẹ́ mọ àmì tí oúnjẹ kọ̀ọ̀kan ń fi sára amọ̀, kó lè fi wé àfọ́kù tí wọ́n wú jáde nílẹ̀. Òfin ibẹ̀ ni pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fọ àwọn ìkòkò náà. Láti ìgbà òtútù ló ti ń sè é, tí kò fọ̀ ọ́. Àwa tí a wà nísàlẹ̀ la mọ ohun tí imú wa rí. Ìkòkò wàrà yẹn! Mi ò ní gbàgbé ẹ̀ láéláé.

Nígbà tó di oṣù kọkànlá, wọ́n ní kó wá kọ́ kíláàsì kan níwájú ìgbìmọ̀. Bí iṣẹ́ rẹ̀ bá tẹ́ wọn lọ́rùn, wọ́n á fún un ní ọdún méjì sí i. Bí kò bá tẹ́ wọn lọ́rùn, kó máa di ẹrù rẹ̀. Oúnjẹ tó gbẹ mọ́ ìsàlẹ̀ ìkòkò wọ̀nyẹn ló fẹ́ fi hàn wọ́n. Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an sì ni Màmá wá kí i láti ilé.

Nígbà tó ku ọ̀la, Yẹ́misí lọ síbi iṣẹ́. Màmá gbọ́ pé ìyàwó pásítọ̀ wa ń bọ̀ wá kí wọn nírọ̀lẹ́. Wọ́n wọ ilé ìdáná, wọ́n rí ìkòkò mẹ́rin tí oúnjẹ ti gbẹ mọ́. Ẹ sáà rò ó wò: ọmọ tí wọ́n fọwọ́ ara wọn tọ́, dókítà! Ìtìjú bò wọ́n. Wọ́n ṣí báàgì, wọ́n mú kànìnkànìn àti ọṣẹ dúdú tí wọ́n gbé wá láti Iléṣà, wọ́n ká apá aṣọ sókè. Mo ń gbọ́ ìró lókè, mo rò pé àgbọn ni wọ́n ń rin.

Yẹ́misí dé, mo tẹ̀ lé e wọlé láti kí Màmá. Ìkòkò mẹ́rin ti dojú délẹ̀ lórí táwẹ̀lì, wọ́n ń dán. Yẹ́misí di ògiri mú.

"Eish," ló wí. Igbe tí àwọn ará ibí ń ké nígbà tí nǹkan bá bàjẹ́ nìyẹn.

"Mo ti bá ẹ fọ̀ wọ́n," ni Màmá wí, inú wọn ń dùn. "Ọ̀kan fẹ́rẹ̀ẹ́ borí mi. Kí lò ń sè nínú ẹ̀, ọmọ yìí?"

Kí lẹ fẹ́ kó ṣe? Ọmọ Yorùbá wo ló máa jágbe mọ́ ìyá rẹ̀ lórí oore? Yẹ́misí kúnlẹ̀. "Ẹ ṣé, mà. Ẹ kú iṣẹ́, mà." Omijé ń dà lójú rẹ̀. Màmá rò pé omijé ayọ̀ ni. Wọ́n fà á mọ́ra, wọ́n ní títí àwọn ó fi padà sílé, ojoojúmọ́ làwọn ó máa bá a fọ̀ wọ́n. Mo sáré jáde, torí ẹ̀rín fẹ́ pa mí, bẹ́ẹ̀ àánú rẹ̀ sì ń ṣe mí gan-an.

Lọ́jọ́ kejì, Màmá ní àwọn ń lọ wo bí ọmọ àwọn ṣe ń ṣiṣẹ́. Wọ́n wé gèlè. Iwájú pátápátá ni wọ́n jókòó sí, èmi lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, mò ń túmọ̀ òyìnbó sí wọn létí. Ọ̀jọ̀gbọ́n Damaris, olórí ẹ̀ka náà, kí wọn. Màmá dá a lóhùn pé, "Shap," ìyẹn ni pé ó dáa, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí wọ́n ti kọ́ láti ìgbà tí wọ́n ti dé.

Yẹ́misí gbé ìkòkò mẹ́rin kalẹ̀, ó sì sọ òtítọ́. "Oúnjẹ tó gbẹ mọ́ ìkòkò ni mo fẹ́ fi hàn yín lónìí. Kò sí mọ́. Ìyá mi fọ̀ ọ́ lánàá." Gbogbo kíláàsì yíjú sí Màmá. Mo sọ fún Màmá pé Yẹ́misí ń dárúkọ wọn. Màmá juwọ́ sí gbogbo wọn.

"Ṣùgbọ́n àwọn ará àtijọ́ náà ní ìyá tó ń fọ ìkòkò," ni Yẹ́misí wí. Ó mú òòlù, ó sì fọ́ ìkòkò kan gbàà!

"Yéè!" Màmá fò dìde. "Èyí tó fún mi níṣẹ́ jù!"

Ìyẹn ò nílò ògbufọ̀. Yẹ́misí gbé àfọ́kù kan sórí sítóòfù kékeré kó gbóná, ó fi táwẹ̀lì gbá a mú, ó ní kí wọ́n máa gbóòórùn rẹ̀ káàkiri. "Ẹja," ni ẹni àkọ́kọ́ wí. Ẹni kejì náà ní ẹja ni. Yẹ́misí ṣàlàyé pé amọ̀ a máa mu ọ̀rá oúnjẹ wọnú, débi tí kànìnkànìn ò lè dé.

"Ọṣẹ ńkọ́?" ni Damaris bi í. "Ọ̀rá wà nínú ọṣẹ náà. Báwo lo ṣe máa mọ ti ọṣẹ yàtọ̀ sí ti oúnjẹ?"

Ìbéèrè yẹn mú kí n gbàgbé láti túmọ̀. "Mi ò tíì mọ̀," ni Yẹ́misí wí. "Ohun tí mo fẹ́ fi ọdún méjì náà wá nìyẹn."

Ìgbà yẹn ni àfọ́kù náà dọ́wọ́ Màmá. Wọ́n gbé e sí imú. Ojú wọn yí padà. Kí n tó dì wọ́n mú, wọ́n ti dé iwájú ìgbìmọ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kó ìyókù fún mi, n ó tún wọn fọ̀," ni wọ́n wí. "Ẹ má torí èyí lé ọmọ mi. Èmi ni mi ò fọ̀ ọ́ dáadáa, kì í ṣe òun."

Èmi ni mo túmọ̀ ìyẹn, ó sì ṣòroó sọ. Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Damaris ò rẹ́rìn-ín. Ó di Màmá lọ́wọ́ mú, ó ní ṣé ó ṣẹ́ kù nínú ọṣẹ yẹn?

Wọ́n fún Yẹ́misí ní ọdún méjì náà. Màmá fi ọṣẹ sílẹ̀ fún ìwádìí náà, wọ́n padà sílé, wọ́n ṣàlàyé iṣẹ́ ọmọ wọn ní ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn ìyá ìjọ ò sì béèrè oògùn mọ́.

Lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá, Màmá fóònù. "Yẹ́misí, mo gbé ìkòkò ìyá mi kaná. Mi ò fi nǹkan kan sí i."

"Kí lẹ gbọ́, mà?"

"Òórùn irú ni. Mo sọ fún ìyá mi nígbà ayé wọn pé irú inú ọbẹ̀ wọn ti pọ̀ jù, wọ́n ní irọ́ ni!" Màmá rẹ́rìn-ín, wọ́n rẹ́rìn-ín títí ó fi di ẹkún. Wọ́n fọn imú. "Mi ò ní fọ ìkòkò yẹn mọ́."