Ìdọ̀bálẹ̀ Lẹ́nu Ọ̀nà Kọ́ńsáàtì

Bí ẹ̀rọ fọ́tòkọ́pì ibi iṣẹ́ mi bá ti gbóná, tí òórùn íńkì gba inú yàrá, ọ̀sán kan ní Thamesmead, ní Lọ́ńdọ̀nù, ló máa ń padà wá bá mi.

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ló ń ṣe ìwé ìròyìn ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ kọ́lẹ́ẹ̀jì wọn. Ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé olórí ẹgbẹ́ akọrin wọn kàn ń la ẹnu ni, fóònù ló ń kọrin. Ọmọkùnrin náà búra pé òun máa fọ́ orí rẹ̀.

Mummy ní, "Ó jù ẹ́ lọ, ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì wa sì ni. Lọ dọ̀bálẹ̀ fún un. Ta ló ń lu ẹni tó dọ̀bálẹ̀?"

A jọ lọ síbi kọ́ńsáàtì wọn. Lẹ́nu ọ̀nà, ẹ̀gbọ́n mi kó ìwé ìròyìn tuntun tó ṣì ń rùn fún íńkì sílẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí kọnkéré tútù níwájú ọmọkùnrin náà. "Ẹ má bínú."

Woolwich, ní Lọ́ńdọ̀nù níbẹ̀, ni wọ́n bí ọmọkùnrin yẹn sí. Ó rẹ́rìn-ín. "What's he doing?" Ló bá fi bàtà gbá a lójú. Ó tún gbá a. Ó ró bí ìgbà tí wọ́n la àgbọn.

Mummy figbe ta: "Ó ti dọ̀bálẹ̀! Ṣé o ò rí i pé ó ti dọ̀bálẹ̀ ni?"

Èmi ń ṣa ìwé ìròyìn tó fọ́nká. Wọ́n ti rin, wọ́n sì pupa. Mo rò pé íńkì ni.

Ojú òsì ẹ̀gbọ́n mi ò ríran mọ́ láti ọjọ́ náà. Títí dòní, bó bá fẹ́ kí Mummy, kó tó dọ̀bálẹ̀ rárá, Mummy á ti sáré di èjìká rẹ̀ mú.