Ìbọn Òyìnbó Tó Ń Pa Ẹfọ̀n

Ká má parọ́, n ò nílò ìbọn. Ẹni tó bá rí mi láyé ìgbà yẹn á mọ̀ pé ọgbọ́n ni mo nílò. Mo ti sá kúrò nílé ìwé ní fọ́ọ̀mù tú. Tíṣà ìṣirò wá sílé wa lọ́jọ́ kejì. Bàbá mi rò pé ó wá bẹ̀ mí kí n padà ni, àṣé ó wá dúpẹ́ ni.

Wọ́n bá fi mí sídìí òfì, níbi tí wọ́n máa ń fi ọmọ tíwèé ò gbà sí ní Ìsẹ́yìn. Mo jókòó síbẹ̀, mo ń ju ọ̀kọ̀ òwú sọ́tùn-ún, mo ń jù ú sósì, inú ń bí mi.

Ọbàkan mi ló ń bí mi nínú. Ìyá tèmi ni ìyáálé, oṣù mẹ́ta péré ni mo sì fi ju ọmọ náà lọ. Ọdẹ ni. Tó bá ti igbó ọ̀nà Adó-Àwáyè dé pẹ̀lú àgbọ̀nrín lọ́rùn, gbogbo agboolé ló máa dìde. Bàbá mi, tí wọn kì í rẹ́rìn-ín fún ẹnikẹ́ni, á pariwo pé, "Ọdẹ mi dé o!" Wọ́n á wá yíjú sí mi nídìí òfì, wọ́n á ní, "Ọ̀dẹ̀, dìde kóo bá àbúrò ẹ sọ ẹrù." Ọ̀rọ̀ kan náà ni. Ohùn bàbá mi kàn lọ sílẹ̀ díẹ̀ ni, èmi ti di òmùgọ̀.

Èyí tó wá dùn mí jù ni pé ọmọ yẹn ò fìwọ̀sí lọ̀ mí rí. Á dọ̀bálẹ̀, á ní, "Bọ̀dá mi, ẹ kú iṣẹ́ o," á gé itan ńlá fún ìyá mi. Báwo lèèyàn ṣe fẹ́ rọ́nà kórìíra irú ẹni bẹ́ẹ̀? Mo ṣáà gbìyànjú.

Bó ṣe di ọjọ́ kan, onífàyàwọ́ kan dé láti ẹ̀yìn Ṣakí, èyí tó máa ń gba ilẹ̀ Ìbàrìbá lọ kó ọjà. Ó pè mí sẹ́yìnkùlé, ó tú ìdì kan, ìbọn ìléwọ́ kan bọ́ sílẹ̀, gbì, bí iṣu. Mo ti rí irú ẹ̀ nínú sinimá tí wọ́n máa ń fi hàn lára ògiri, ṣùgbọ́n tinú sinimá ò tó ọmọ eléyìí. Ikùn ẹ̀ ń yí bírí, ó ní ihò mẹ́fà, àtàǹpàkò mi wọ ẹnu ẹ̀. Onífàyàwọ́ ní òyìnbó kan ló fi ń pa ẹfọ̀n tẹ́lẹ̀, ọta márùn-ún ló sì bá a wá.

"Àbúrò," ó ní, "tí èyí bá dún níbí, ará Òfìkì á béèrè pé ta nìyẹn."

Kò béèrè owó. Aṣọ sányán tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ hun tán ló nàka sí. Aṣọ yẹn ni ohun kan ṣoṣo tí mo bẹ̀rẹ̀ láyé mi tí mo parí.

Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi rò ó. Ọkàn kan ní: tí ọta márùn-ún bá tán ńkọ́? Àwọn ọdẹ ń ki ẹ̀tù àti ègé irin sínú ṣakabùlà wọn, kí lo fẹ́ kì sínú eléyìí, ẹ̀gúsí? Ọkàn kejì ní: ọbàkan ẹ ò nírú ẹ̀. Ọkàn kejì yìí ló lóhùn jù.

Mo ní àfi kí n dán an wò. Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, èmi àti onífàyàwọ́ wọ igbó, òun ń ti kẹ̀kẹ́ ẹ̀, mo ká aṣọ mi sábíyá, bóyá ọjà á bọ́ sí i. Ó fi òkìtì ọ̀gán kan hàn mí. Èmi tí mo dàgbà nílé ọdẹ, ohun kan wà tó dá mi lójú: ẹni tó bá fẹ́ yin ṣakabùlà, kó gbé ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́, kí iná ẹ̀tù má baà fọ́ ọ lójú. Mo na ọwọ́ kan. Mo gbé ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́. Mo tún wá di ojú ọ̀hún pọ̀, torí àìmọ̀.

"Wo iwájú! Wo iwájú, ìwọ ọmọ yìí!" ni onífàyàwọ́ ń pariwo.

Mo fà á. Ìbọn fò sókè, ó padà wá, ó gbá mi níwájú orí, gbàù! Ìgbà tí màá fi mọ̀, mo ti jókòó sílẹ̀. Òkìtì ọ̀gán dúró síbi tó wà, kò tiẹ̀ mira.

Mo ní lọ́kàn mi pé ó parí, n ò rà á mọ́. Kí n tó lanu sọ ọ́, ọbàkan mi já gààràgà láti inú igbó, ṣakabùlà ẹ̀ lọ́wọ́, ó ń mí hẹlẹ.

"Bọ̀dá mi! Ta ló yìnbọn lù yín?"

"Èmi náà ni."

Kò rẹ́rìn-ín. Ká ló rẹ́rìn-ín ni, bóyá aṣọ mi ì bá ṣì wà lọ́wọ́ mi. Ó já ewé, ó fún omi ẹ̀ sójú ọgbẹ́ mi. Ó wá mú ìbọn náà nílẹ̀, ó fọwọ́ wọ̀n ọ́n, ó yí ikùn ẹ̀ bírí. Èmi dì í mú bí ẹni di ejò mú. Òun dì í mú bíi pé wọ́n bí i mọ́ ọn lọ́wọ́.

"Ẹ̀gbọ́n," ó sọ fún onífàyàwọ́, "nǹkan gidi nìyí. Tí bọ̀dá mi ò bá rà á, ẹ má tà á fẹ́lòmíì."

"Mo ti rà á," mo ní.

Onífàyàwọ́ wò mí. "Ìgbà wo?"

"Mo ní mo ti rà á!" Mo ju aṣọ lù ú láyà.

Ọbàkan mi fi ọwọ́ méjèèjì gbé ìbọn fún mi, ṣùgbọ́n ojú ẹ̀ ti kúrò lára ìbọn. Onífàyàwọ́ ń tú aṣọ wò nínú oòrùn. Ibẹ̀ ni ọbàkan mi ń wò.

"Bọ̀dá mi, ta ló hun èyí?"

"Èmi ni."

Ó fi ìka kan tọ́ etí aṣọ náà, bí ẹni ń bẹ̀rù pé á ya. "Ó wù mí kí n mọ irú ẹ̀ ṣe," ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́. "Gbogbo nǹkan tí èmi bá fọwọ́ kàn, àfi kó kú."

Onífàyàwọ́ ti ká aṣọ, ó ti dè é mẹ́yìn kẹ̀kẹ́, ó ti ń lọ. Mo dúró pẹ̀lú iwájú orí tó wú, ìbọn òyìnbó ń fa apá mi sílẹ̀, mo ń wo ẹ̀yìn ọkùnrin tó ń gbé aṣọ mi lọ, mo ń ṣe ìlara ẹ̀.