Bàámi Tó Sọ fún Adájọ́ Pé Kò Ṣòro

Yéè, Bàámi, ẹ ti fi wá sílẹ̀. Láti àárọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta tẹ́ ẹ ti lọ, a ò gbọ́ ìró ẹ̀rọ ìránṣọ mọ́ nílé wa ní Òkòkòmáíkò, mo sì wá gbà pé ó ti dìgbà.

Télọ̀ tó mọṣẹ́ ni yín. Aṣọ àwọn ológun ojú omi ní Navy Town lẹ ń rán, kó tó di pé ẹnì kan gbé aṣọ ayẹta wá pé kẹ́ ẹ bá òun tún etí rẹ̀ ṣe. Ẹ rí i pé òwú àtọwọ́dá ni wọ́n fi hun ún, ó fúyẹ́, ó sì le ju awọ lọ. Ọdún mẹ́fà gbáko lẹ fi ń rán irú rẹ̀, tẹ́ ẹ ń tú u. Màámi ní ẹ fẹ́ràn rẹ̀ ju oúnjẹ lọ, wọn ò parọ́. Nígbà tó yá, ẹ rí i pé abẹ́rẹ́ tó ń gba àárín aṣọ kọjá ló ń sọ ọ́ di aláìlágbára. Ẹ wá ń to ìpele rẹ̀ níbùú lóròó, etí nìkan lẹ sì ń rán. Wọ́n yìnbọn sí i wò, ọta kò là á kọjá.

Ẹ lọ gba pátẹ́ǹtì, ìwé tí ìjọba fi ń dáàbò bo ohun tuntun téèyàn bá ronú kàn. Iléeṣẹ́ ńlá kan pè yín lẹ́jọ́, wọ́n ní kò sí ọgbọ́n tuntun kankan níbẹ̀, pé télọ̀ yòówù tó bá mọṣẹ́ ló máa ronú kàn án. Agbẹjọ́rò wọn yìn yín níwájú adájọ́. Ó ní, "Bàbá, ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ. Iṣẹ́ yìí á mà ti nira o." Ẹ rẹ́rìn-ín, ẹ fèsì bí ọmọlúàbí tí wọ́n yìn: "Rárá o, kò ṣòro. Ta ni ò lè ṣe é? Ọlọ́run ló ṣe é." Agbẹjọ́rò tiwa fọwọ́ bojú. Adájọ́ ní ẹ ti fẹnu ara yín gbà pé télọ̀ yòówù ló mọ̀ ọ́n. Bí ìwé yẹn ṣe bọ́ lọ́wọ́ wa nìyẹn.

Inú bí mi. Mo ní ẹnu ara yín lẹ fi ba iṣẹ́ yín jẹ́. Ẹ ní, "Àbíkẹ́, ṣé kí n wá máa yin ara mi níwájú èèyàn ni?" Oṣù mẹ́ta ni mi ò fi yà sílé.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọlọ́dẹ kan wá bá wa kẹ́dùn láti Ìba, òun àti ìyàwó rẹ̀ tó pọnmọ. Ó fi ojú ibi tí ọta ti bà á hàn wá lára aṣọ ayẹta rẹ̀, ní ọ̀gangan àyà. Mo rò pé ẹ̀yin lẹ rán an. Ó ní rárá, télọ̀ àdúgbò òun ni. Ó ní nínú oṣù mẹ́ta tí mo fi ń bínú yẹn, ẹ pe àwọn télọ̀ jọ sí ṣọ́ọ̀bù yín, ẹ kọ́ wọn lọ́fẹ̀ẹ́, ẹ ní ṣebí adájọ́ ti sọ pé gbogbo wọn ló mọ̀ ọ́n. Kò sì sí ìkankan nínú wọn tó ronú kàn án rí.

Ká ní ẹ jàre ni, Bàámi, télọ̀ yẹn ò ní lẹ́tọ̀ọ́ láti rán an. Mo wo ọmọ tó wà lẹ́yìn ìyá rẹ̀.

Ẹ ṣé, Bàámi. Ẹ forí jì mí. Bàbá ọmọ yẹn ṣì wà láàyè, ẹ fọkàn balẹ̀, kẹ́ ẹ sùn re o.

Èmi ọmọ yín,
Àbíkẹ́