Téèpù Ìyá Ṣùkúrá

Títí dòní, bí mo bá ti gbóòórùn ọ́ìlì ẹ̀rọ ìránṣọ, ńṣe ni mo tún máa ń jowú Ṣùkúrá.

Télọ̀ ni ìyá rẹ̀, ní àdúgbò wa l'Éjìgbò. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan nígbà tí a wà lọ́mọdé, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe fírídọ̀mù fún ọmọṣẹ́ wọn kan tán. Ìyá náà fa Ṣùkúrá mọ́ra, wọ́n ń fi téèpù wọn àyà rẹ̀, òun náà ń rẹ́rìn-ín kèékèé. Ọ̀dọ̀ ìyá àgbà ni mò ń gbé, Àbìjàn ni ìyá tèmi wà. Aṣọ tí wọ́n bá fi ránṣẹ́ kì í gba orí mi wọlé, torí wọ́n rò pé bí wọ́n ṣe fi mí sílẹ̀ náà ni mo ṣì ṣe kéré.

Mo ní, “Ìyá Ṣùkúrá, ẹ kì í jẹ́ kí ọmọṣẹ́ yín gé aṣọ oníbàárà láì gba fírídọ̀mù. Ta ló wá ń fún àwọn ìyá ní fírídọ̀mù kí wọ́n tó bímọ?”

Wọ́n ní, “Bó bá jẹ́ pé wọ́n ń fúnni ni, bóyá ni wọn ì bá bí ẹ. Kò sẹ́ni tó gbà á nínú wa. Súnmọ́ bí.”

Téèpù náà tutù lọ́rùn mi bí wọ́n ṣe ń wọ̀n mí.

Nígbà tí Iléyá dé, ìyá àgbà ní aṣọ mi ti dé láti Àbìjàn. Ó bá mi mu rẹ́gí. Mo sáré lọ fi han Ṣùkúrá: “Ìyá tèmi náà mọ̀ mí!”

Ó tẹjú mọ́ aṣọ náà, ìlara kún ojú rẹ̀. Mo dàgbà kí n tó mọ̀ pé orí ẹ̀rọ ìyá rẹ̀ ni Ṣùkúrá ti kọ́kọ́ rí aṣọ náà.